Ẹ̀rọ Ìbàdí Ẹ̀gbọ́n Rẹ

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Àtijọ́,
                                        Lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún.

Èmi onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé Bàbá Olóko ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ bàbá ni, kì í ṣe tèmi. Wọn kò lọ sílé ìwé rí. Wọ́n sì ní àwọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, nítorí pé àbúrò ìyàwó wọn tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ilé rẹ láì dúró sinmi lágbedeméjì? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun tó fi ń jí àwọn aládùúgbò? Bá mi kí i. Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ, tí ẹ ní ó ń rákòrò, ṣé ó ti dìde? Bó bá ti dìde, ẹ gbé omi gbígbóná kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ náà ńkọ́, àti àwọn oníbàárà rẹ tó máa ń mú aṣọ wá lánàá tí wọ́n á fẹ́ gbà á lónìí? Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi tán.

Èmi náà wà. Ẹ̀yìn ń ro mí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀? Òjò tètè dé lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ dúdú bí ọmọ méjì, ó sì kọ ọ̀kan nínú wọn, kò jẹ́ kó mu ọmú. Èmi ni mò ń fi ìgò bọ́ ọ. Ó ti wá gbà pé èmi ni ìyá òun, ó sì ń tẹ̀ lé mi débi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé mi dé. Onígbàjámọ̀ ń rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń kọ ọ́.

Ohun tó mú mi pe akọ̀wé jókòó ni ti ẹrù tí olóògbé ẹ̀gbọ́n rẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, o ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù. O ní ilé ti di ilé ìtajà oògùn, pé kò yẹ kí èmi tí ìtọ̀ ṣúgà kò ṣe máa sùn láàárín abẹ́rẹ́. Mo pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu. Kì í ṣe pé mo bínú sí ọ. Ohùn rẹ ló jọ tirẹ̀. Bí mo bá di ojú, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń sọ pé kí n kó ẹrù òun dànù. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọ nígbà yẹn.

Ìwọ náà mọ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn páálí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ ewúrẹ́ mi. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ni ti ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé oògùn láti inú ẹ̀rọ lọ sínú ara. Èyí tó gùn tó sì fẹ́lẹ́ ni ti àwọn ike kékeré tí a ń fa oògùn sí. Ìgò rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń dún ṣáṣá bí a bá mì ín ni ti bébà tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Èmi ni mo máa ń gbé wọn fún un. Yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, màá fi òwú nu ojú ibẹ̀, yóò ní ó yá, màá sì tẹ abẹ́rẹ́ náà wọlé. Kò fìgbà kan pariwo rí. Èmi ni mo máa ń pariwo, yóò wá máa bẹ̀ mí pé kí n má sunkún.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tí a so pọ̀ lọ. O rántí pé Orogún ni mo ń pè é, nítorí pé ìbàdí rẹ̀ ló máa ń wà tọ̀sán-tòru. Bó bá sì ké pé bátìrì òun ń tán, ẹ̀gbọ́n rẹ á tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tó lọ, nọ́ọ̀sì ló bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi kọ́ ìṣó ara ògiri, níbi tó máa ń fi kọ́ sí nígbà tó bá ń wẹ̀, bí ìgbà pé kò ní í pẹ́ jáde.

Lẹ́yìn tí ìwọ sọ tìrẹ, ọmọ wa ọkùnrin tó ń wakọ̀ náà dé pẹ̀lú làílọ́ǹnù dúdú ńlá. Mo mọ̀ pé ìwọ lo rán an. Ó fa páálí jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó yíjú díẹ̀, mo ti jókòó lé e. Ó ní kí n dìde. Mo ní mi ò dìde. Ó ní òun á dúró. Mo ní kó dúró, mo ti jẹun. Òun ò tíì jẹun, ìyẹn ló fi lọ.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ṣí fíríìjì wá nǹkan mu, ó sì rí àwọn ìgò ínsúlínì, oògùn ìtọ̀ ṣúgà ẹ̀gbọ́n rẹ, tó kù nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ka déètì ara wọn sí mi létí, ó ní kò ní í pẹ́ kọjá. Ìyẹn dùn mí ju làílọ́ǹnù lọ. Mo rò pé ohun tó wà nínú fíríìjì ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

O mọ bí bàbá mi ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Àgbàdo tí wọ́n máa gbìn, wọn kì í fi sáàárín èyí tí à ń jẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́, wọ́n á wá ibi tó tún sàn ju ibi tó wà lọ fún un, wọ́n á sì máa yọjú sí i. Ọ̀nà yẹn ni mo mọ̀. Mo wá rò ó pé bí òtútù fíríìjì bá lè mú oògùn yìí pẹ́ tó báyìí, òtútù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á mú kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kó gbogbo ìgò náà sínú àpò, mo gbé e lọ bá ìyá tó ń ta ẹja dídì ní ìkóríta, mo ní kó bá mi fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú fírísà rẹ̀, níbi tí yìnyín ti le bí òkúta. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo bi òun náà bóyá ó ti gbin nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó gba àpò náà, ó sì ṣí fírísà. Mo rìn padà sílé bí ẹni tó ti fi ọgbọ́n gbé déètì ṣánlẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi wá kí mi. Èyí tó kọ́ wa bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà ni, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹsẹ̀-Yá nítorí pé ó ń rìn bí ẹni tí nǹkan ń jóná nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ náà kò kánjú. Ó jókòó, ó wo ìṣó, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá sọ ohun tó bá wá.

Ó ní ìyàwó atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà lójú títì wa lóyún. Mo mọ̀, ta ni kò mọ̀? Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé láti kékeré ni irú àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń bá obìnrin náà fínra, àti pé òun náà ní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tirẹ̀ já bọ́ sínú omi ìfọṣọ, kò sì jí mọ́. Ilé ìwòsàn ti béèrè òmíràn fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa dé. Síríǹjì ló fi ń gún ara rẹ̀ báyìí, ṣúgà rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ọmọdé tó wà lórí jangírọ́fà. Ẹ̀rù ọmọ inú rẹ̀ ń ba dókítà. Ó ti pàdánù ọ̀kan ṣáájú èyí. Nọ́ọ̀sì wá bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe.

Kò fi ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń nà sí aládùúgbò lórí ọgbà. Dókítà ní láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì pé. Wọ́n á pa gbogbo nọ́ńbà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ rẹ́, wọ́n á fi ti ẹni tuntun sí i, torí pé ìwọ̀n oògùn tó bá ara ẹnì kan mu lè pa ẹlòmíì.

Ibi tó ti sọ pé wọ́n á pa á rẹ́ ni àyà mi ti já. Àbúrò mi, gbogbo ohun tí ara ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ìwọ̀n ti àfẹ̀mọ́júmọ́ wà níbẹ̀, ìwọ̀n ti ẹ̀yìn oúnjẹ wà níbẹ̀, àti èyí tó kéré tí a máa ń lò tí a bá ń lọ sóko, kí ṣúgà rẹ̀ má bàa wálẹ̀ jù nídìí iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń bá a tẹ ti oko nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dọ̀tí. Màá tẹ àárín lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àárín lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìka mi mọ̀nà ibẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé rárá. Mo ní kó wá ẹ̀rọ síbòmíràn.

Ó dìde láì bá mi jà. Bó ṣe ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni àánú obìnrin náà ṣe mí. Èmi kì í ṣe ìkà. Mo ní ẹ̀rọ kò lè kúrò lórí ìṣó, ṣùgbọ́n mo ní oògùn tó pọ̀, ó tutù, ó dára, mo fún obìnrin náà ní gbogbo rẹ̀. Mo ní kó sọ fún un kó wá bá mi ní ilé ìwòsàn lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba àpò mi lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, mo gbé e dé orí tábìlì nọ́ọ̀sì. Aboyún náà wà níbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò kan tí wọ́n ń pè ní Apá-Irin nítorí pé ọwọ́ lásán ló fi ń tọ́ irin kẹ̀kẹ́ tó bá ti wọ́. Gbogbo yàrá ń rùn bí ẹja. Mo ṣàwàdà pé ṣúgà aboyún yìí á mọ omi wẹ̀ bí ẹja. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì mú ìgò kan, ó gbé e sójú fèrèsé, ó bi mí ibi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí. Mo sọ fún un tayọ̀tayọ̀. Ó rọra gbé ìgò náà padà sórí tábìlì.

Ó ní, "Bàbá, ínsúlínì tó bá ti dì ti kú. Bó tilẹ̀ yọ́, tó mọ́ bí omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi sára mọ́."

Mo ní kó tún wò ó. Ó tún wò ó. Mo ní gbogbo rẹ̀ kọ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni. Mo fẹ́ bá a jà, mo fẹ́ béèrè bóyá wọ́n ti bí i nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan. Mo jókòó. Ohun tí mo sáré sí jù lọ nínú ẹrù rẹ̀, tí mo gbé kiri nínú òòrùn kí ó má bàa bàjẹ́, èmi ni mo pa á. Bí mo bá sì ti jẹ́ kó wà nínú ilẹ̀kùn fíríìjì níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi í sí, obìnrin tó jókòó síwájú mi yìí ì bá lò ó.

Apá-Irin ń wo ilẹ̀. Aboyún náà ló na ọwọ́ sórí tábìlì, ó bá mi pa ẹnu àpò náà dé bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí ara yín. Ìtọ́jú yín ló pọ̀ ju ohun tí oògùn lè gbà lọ."

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ni mò ń wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú mi bọ́ sí, mo sì rí i tí ọmọ inú rẹ̀ sún aṣọ. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó jẹ́ ká lọ sílé lọ mú ẹ̀rọ.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó pé. Nígbà tó kan kí wọ́n pa á rẹ́, mo bẹ nọ́ọ̀sì kó kọ́kọ́ ka àwọn nọ́ńbà náà sí mi létí. Ó fa àga mọ́ mi, ó kà wọ́n. Ó kà á bí èèyàn ṣe ń ka orúkọ ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí dé ti oko. Mi ò mọ ohun tí nọ́ńbà kankan jẹ́ nínú wọn. Mo kàn gbọ́ wọn. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi tẹ ìparẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì wo dókítà, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gègé ìkọ̀wé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Nọ́ọ̀sì fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà ṣú, ó tún tàn. Nọ́ọ̀sì ní ó ń béèrè aago tó lù. Bí ẹni tó jí nílé tí kò mọ̀.

Onígbàjámọ̀ ní kí n sinmi díẹ̀, ká mu omi. A ti mu ún.

Jẹ́ kí n sọ ti Apá-Irin kí o lè rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ tọ́ irin, bó ṣe rí abẹ́rẹ́ kékeré yẹn, òógùn bò ó, ó di ògiri mú. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe, òun nìkan ni òun ń dá ṣe é, ikùn òun kò sì jẹ́ kí òun rí ìbàdí òun mọ́ báyìí. Mo ní kí ọkọ dúró tì mí. Mo fi bí a ṣe ń fi èékánná ta ike oògùn náà hàn án, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gòkè jáde kí a tó so rọ́bà mọ́ ọn. Mo ní bó bá fẹ́ pariwo, kó pariwo, èmi náà máa ń pariwo. Ó pariwo. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Òun ló ń ṣe é fún un báyìí, mo kàn máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Ṣúgà obìnrin náà ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kò tíì dé o, à ń retí. Bá wa gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì tún wá sílé, a sì yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò láti òkè délẹ̀. Èyí tí a ò tíì ṣí, tí déètì rẹ̀ kò tíì kọjá, ó kó o lọ sí ilé ìwòsàn fún àwọn tó nílò rẹ̀. Èyí tó ti kọjá àti àwọn ìgò tí mo pa sínú yìnyín, nọ́ọ̀sì ní àwọn mọ bí àwọn ṣe ń run wọ́n, pé kí n má dà wọ́n sí gọ́tà. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń kó sínú agolo onírin. A lẹ ìdérí rẹ̀ pinpin, òun náà lọ. Nọ́ọ̀sì ní bó bá jẹ́ inú làílọ́ǹnù la kó wọn sí, wọn ì bá gún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí lọ́wọ́. Mo pe ọmọ wa, mo sọ ìyẹn fún un yékéyéké. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti borí." Mo ní kó tún un sọ.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ inura, a rí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, èyí tó lò kí Orogún tó dé. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti sán. Nọ́ọ̀sì ní àpótí kan wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kó irú ẹ̀rọ tó ti kú bẹ́ẹ̀ sí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí, ó sì bọ́ sórí páálí mìíràn.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ bínú sí mi, ohun kan ṣoṣo ló kù tí o lè torí rẹ̀ bínú. Bí mo bá ń lọ sóko, mo máa ń fi ẹ̀rọ tó ti kú náà há ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò mi. Kò ní bátìrì, kò ní oògùn, kì í ké. Lánàá ni ẹnì kan tí a jọ ń gba ọ̀nà oko rí i, ó fi àánú bi mí bóyá ìtọ̀ ṣúgà ti mú èmi náà. Mo ní rárá o. Mo ní ìyàwó mi ni mo mú dání.

Bá mi kí gbogbo ilé. Kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ìyá àgbà tó ń bá ọ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ìyá ẹlẹ́ja ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun béèrè bóyá ó dá mi lójú.

Èmi ni, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ síbẹ̀,

Bàbá Olóko.

Bàbá fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn tẹ àmì síbí lẹ́yìn tí mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ṣe sọ ọ́.

Àwọn tí ó ṣojú wọn:
Ẹsẹ̀-Yá, nọ́ọ̀sì.
Apá-Irin, atúnkẹ̀kẹ́ṣe.